Èlé ìpìlẹ̀ ti wálẹ̀, èlé ilé mi kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: kí ni gbèsè ìjọba ń wá níbẹ̀?

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Kent (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú ọdún tuntun 2026 o, ẹ̀yin ará. Mo ní fúláàtì oníyàrá méjì kan ní Chatham, ní agbègbè Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo rà láti máa fi gbowó ilé. Gbèsè tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ £180,000, èlé nìkan ni mo sì ń san lóṣooṣù, n kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í san ojú owó. Ní Oṣù Kìíní 2021, mo de èlé náà mọ́ 1.9% fún ọdún méjì, £285 ni mo sì ń san lóṣù. Nígbà tí ọdún méjì pé ní Oṣù Kìíní 2023, èyí tó sàn jù tí wọ́n fi lọ̀ mí ni 5.8% fún ọdún mẹ́ta, ni owó oṣù bá di £870. Ilé kan náà ni, ayálégbé kan náà ni, gbèsè kan náà sì ni.

Ọdún mẹ́ta yẹn ti pé báyìí. Gbogbo ẹni tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Bank of England, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, ti gé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn báńkì mìíràn ń wò kí wọ́n tó dá èlé tiwọn, lẹ́ẹ̀mẹfà, láti 5.25% tó wà ní àárín 2024 títí dé 3.75% nínú Oṣù Kejìlá 2025. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé tuntun dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, 4.9% ni mo bá níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, àti 4.4% fún ọdún méjì. Mo pe alágbàtà mi, ó ní gbèsè ìjọba ló fà á, kò sì ráyè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tí gbèsè ìjọba fi ń gbà dé orí fúláàtì mi ní Chatham, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún mi láti yan ọ̀kan.

Aṣírò-Leeds

Ẹ kú ìrònú, Ọmọ-Ìjẹ̀bú. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ti ń ṣe nílùú yìí fún ọdún mẹ́rìnlélógún, ìbéèrè yín yìí sì ni àwọn oníbàárà mi tó ní ilé máa ń bi mí jù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọ́ka sí ohun kan tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín fúnra yín. Lọ́jọ́ tí ẹ fọwọ́ sí 5.8% ní Oṣù Kìíní 2023, 3.5% ni èlé ìpìlẹ̀ Bank of England. Lónìí, ní Oṣù Kìíní 2026, 3.75% ni. Èlé ìpìlẹ̀ ti òní ga díẹ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, síbẹ̀ ohun tí wọ́n fi lọ̀ yín lónìí rẹlẹ̀ sí ti ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé èlé ìpìlẹ̀ nìkan ló ń pinnu èlé ilé yín, kò lè rí bẹ́ẹ̀ láé.

Báńkì tó fẹ́ de èlé mọ́lẹ̀ fún ènìyàn fún ọdún márùn-ún kì í wo ti òní nìkan. Ohun tó ń wò ni iye tí ọjà rò pé owó yóò máa jẹ́ jálẹ̀ ọdún márùn-ún gbáko, ibi tí ọjà sì ti ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde ni orí ìwé gbèsè ìjọba, tí wọ́n ń pè ní gilt níbí. Ìjọba tó bá ń náwó ju owó tó ń wọlé fún un lọ gbọ́dọ̀ yá ìyókù, ìwé yìí ló sì ń tà láti fi yá a. Àwọn tó ń rà á ni àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, àwọn báńkì, àti àwọn olówó láti òkè òkun. Bí ìwé bá pọ̀ lórí àtẹ ju owó tó fẹ́ rà á lọ, àfi kí ìjọba fi kún èlé rẹ̀ kó tó rí i tà. Báńkì kì í sì í sábà yá èmi tàbí ẹ̀yin ní iye tó kéré sí èyí tí ìjọba ń san fún iye ọdún kan náà, nítorí pé ìjọba lè bu owó orí lé gbogbo ìlú láti fi san gbèsè tirẹ̀, àwa kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí ìyáwó, àwa onílé ń tò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó bá san sì ni ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ka tiwa sókè.

Ẹ wo Oṣù Kẹsàn-án 2025. Bank of England ti gé èlé lẹ́ẹ̀marùn-ún nígbà náà, ó ti dé 4%. Nínú oṣù yẹn gan-an ni èlé tí ọjà ń béèrè lórí ìwé gbèsè ọgbọ̀n ọdún ti ìjọba sún mọ́ 5.7%, tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti 1998. Èlé ìgbà kúkúrú ń wálẹ̀, èlé ìgbà pípẹ́ ń gòkè, nítorí pé kò dá àwọn tó ń yá ìjọba lówó lójú pé ìjọba yóò lè dí àlàfo tó wà nínú ètò ìṣúná rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀wọ́n gógó jẹ owó wọn. Ìdí nìyẹn tí ti ọdún márùn-ún fi ga ju ti ọdún méjì lọ lórí ìwé yín.

Ìyálọ́jà-Peckham

Ẹ kú àlàyé, Aṣírò. Ohun tí ẹ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ní 2022, mo ti rí ilé kan ní Gillingham tí mo fẹ́ rà fún àwọn ayálégbé. Wọ́n ti yẹ ilé náà wò, mo ti san owó agbẹjọ́rò, alágbàtà mi sì ti rí ẹ̀yáwó kan tí èlé rẹ̀ kò tó 4%. Ìwé kan ṣoṣo la ń dúró dè kí a tó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án, Kwasi Kwarteng, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná, dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì kéde pé ìjọba yóò gé owó orí tó tó £45 bílíọ̀nù kúrò, kò sì sọ ibi tí owó tí yóò dí i yóò ti wá. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́, nítorí wọ́n dín stamp duty, ìyẹn owó orí tí ẹni tó ra ilé ń san, kù nínú ètò yẹn, mo sì ti ń ṣírò iye tí yóò kù sí mi lọ́wọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, pọ́n-ún kan ti wálẹ̀ dé nǹkan bí dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́ta, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà lẹ́yìn káńtà, mo ń wọn gàrí fún oníbàárà kan, ni fóònù dún. Alágbàtà mi ni. Ó ní báńkì náà ti kó gbogbo ẹ̀yáwó rẹ̀ tuntun kúrò lórí àtẹ, ó sì ti gbìyànjú àwọn mẹ́ta mìíràn, wọ́n ti kó tiwọn náà. Ife gàrí ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, oníbàárà náà sì ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ 28, Bank of England fúnra rẹ̀ ló jáde wá ra ìwé gbèsè ìjọba, ó sì ní òun lè rà á tó £65 bílíọ̀nù, nítorí pé àwọn àpò owó ìfẹ̀yìntì kan tó ti fi ìwé yẹn yáwó ń tà á ní tipátipá bí iye rẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀. Kwarteng kúrò nípò lọ́jọ́ 14 Oṣù Kẹwàá, Liz Truss, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, sì kéde ìfipòsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ 20. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ètò ìṣúná yẹn, ìpíndọ́gba èlé ọlọ́dún méjì fún ẹni tó ń ra ilé jẹ́ 4.74%. Lọ́jọ́ tí Truss kéde, 6.65% ni. Nígbà tí àwọn báńkì fi máa padà dé pẹ̀lú èlé tuntun, owó tí ilé Gillingham yẹn lè mú wọlé kò tó ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ń yánilówó mọ́. Ilé lọ, £1,700 tí mo ti ná sórí rẹ̀ náà lọ. Láti ìgbà yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ ìròyìn ètò ìṣúná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Olùkọ́-Manchester

Mo bá Ìyálọ́jà kẹ́dùn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo ní àríyànjiyàn díẹ̀, nítorí mo rí i pé a fẹ́ gbé gbogbo ẹrù lé àìtó ìṣúná, ìyẹn owó tí ìjọba ń ná ju èyí tó ń wọlé fún un lọ, lórí. Ẹ rántí pé ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba ilẹ̀ yìí yá owó lọ́nà tí kò ṣe rí láìsí ogun, síbẹ̀ 0.1% ni èlé ìpìlẹ̀ wà, àwọn ènìyàn sì ń du ilé rà. Gbèsè ìjọba Jàpáànù ti ju ìlọ́po méjì gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni èlé ibẹ̀ fi wà lẹ́bàá òdo. Ní ti 2022, ọ̀wọ́n gógó ti ń gòkè kí Kwarteng tó dé ipò. Ogun Ukraine ti sọ owó gáàsì di ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́n gógó ilẹ̀ yìí sì dé 11.1% nínú Oṣù Kẹwàá ọdún náà. Èlé ìpìlẹ̀ ti dé 2.25% ní ọjọ́ kan ṣáájú ètò ìṣúná tí à ń wí yìí. Bí ìjọba kò bá tiẹ̀ yá kọ́bọ̀ kan, 1.9% ti Ọmọ-Ìjẹ̀bú kò ní padà wá.

Aṣírò-Leeds

Olùkọ́, òdodo lẹ sọ, mo sì gbà á. Kì í ṣe bí àìtó ṣe tóbi tó nìkan ló ń pinnu èlé. Ẹni tó ń yá ìjọba lówó, àti ohun tí ọ̀wọ́n gógó ń ṣe lákòókò náà, ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀. Ní 2020, Bank of England fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ra ìwé gbèsè náà bó ṣe ń jáde. Gbogbo ohun tó rà láti 2009 títí dé òpin 2021 jẹ́ £895 bílíọ̀nù, ìwé gbèsè ìjọba ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọjà kò tíì bẹ̀rù ọ̀wọ́n gógó nígbà náà, nítorí náà èlé lè wà nílẹ̀. Ní Jàpáànù, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà àti báńkì àpapọ̀ wọn ló di èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè yẹn mú. Ohun tó yí padà níbí lẹ́yìn náà ni pé ọ̀wọ́n gógó dé, Bank of England sì dá iṣẹ́ rírà dúró, ó tún kéde pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ti rà padà sójà. Ìjọba ń ta tuntun, báńkì àpapọ̀ ń múra láti ta àlòkù, ẹni tó ń rà kò sì pọ̀ sí i. Lórí irú ilẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ £45 bílíọ̀nù bọ́ sí, ìdí nìyẹn tó fi gbiná.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà tí àìtó ìṣúná ń gbà dé ọ̀dọ̀ onílé, èyí kò sì ní ariwo bíi ti èlé. Ìjọba tí kò fẹ́ yá sí i gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, onílé kì í sì í rí ibi sá sí, nítorí pé ilé kò ṣeé gbé sá lọ. Nínú Oṣù Keje 2015, George Osborne, tó jẹ́ mínísítà ìṣúná nígbà náà, kéde òfin tí wọ́n ń pè ní Section 24, tó sọ pé onílé kò gbọdọ̀ yọ èlé kúrò nínú owó ilé mọ́ kó tó san owó orí. Ẹ̀dínwó 20% lórí èlé náà nìkan ni yóò rí gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní 2017, ó sì kún ojú òṣùwọ̀n ní 2020. Ní 2016, wọ́n fi 3% kún stamp duty fún ẹni tó bá ń ra ilé kejì. Lọ́jọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 2024, ó di 5%. Nínú ètò ìṣúná Oṣù Kọkànlá 2025, mínísítà ìṣúná ìgbà náà, Rachel Reeves, tún fi 2% kún owó orí lórí owó ilé, bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kẹrin 2027, tí ẹni tó ń san 40% yóò fi máa san 42%. Mínísítà yàtọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú yàtọ̀, àlàfo kan náà ni wọ́n ń wá owó dí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé Ọmọ-Ìjẹ̀bú ṣe àpẹẹrẹ, bí ó bá gbà. Èló ni owó ilé náà láti 2021 dé 2023, ìpele owó orí wo lẹ sì wà?

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Kent

Mo gbà tayọ̀tayọ̀. £1,150 lóṣù ni nígbà náà, £1,300 ni báyìí. Ìpele 40% ni mo wà nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Aṣírò-Leeds

Ẹ ṣeun. N kò ní ka owó ajẹ́ńtì àti àtúnṣe mọ́ ọn, kí ọ̀rọ̀ lè mọ́lẹ̀. Ní 2021, owó ilé ọdún kan jẹ́ £13,800, èlé jẹ́ £3,420. Owó orí yín, lẹ́yìn ẹ̀dínwó, jẹ́ £4,836, £5,544 ló sì kù sí yín lọ́wọ́. Ní 2023, owó ilé kò yí padà, ṣùgbọ́n èlé ti di £10,440. Ká ní òfin àtijọ́ ṣì wà, ẹ̀yin yóò san owó orí lórí £3,360 tó kù nìkan, ìyẹn £1,344, £2,016 ni yóò sì wà lọ́wọ́ yín. Lábẹ́ Section 24, owó orí jẹ́ £3,432. Ẹ yọ èlé, ẹ yọ owó orí, ó di pé ẹ fi £72 kún un láti inú àpò ara yín, kí bọ́ílà kankan tó bàjẹ́. Èlé tó ga nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, òfin owó orí nìkan kò sì lè ṣe é. Àwọn méjèèjì pàdé lórí ilé yín ni.

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Kent

£72 yẹn gan-an ni! Mo rántí pé mo rò pé ajẹ́ńtì ló ń jí owó mi. Mo bá a jà lórí fóònù nínú Oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ó sì yẹ kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ-Èkìtì-Houston

Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí yàtọ̀ díẹ̀, ó sì lè ran àwọn kan lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sábà máa ń de èlé mọ́. Ìpíndọ́gba rẹ̀ wà ní 2.65% ní Oṣù Kìíní 2021, ó sì dé 7.79% nínú Oṣù Kẹwàá 2023, oṣù kan náà tí èlé ìwé gbèsè ọlọ́dún mẹ́wàá ti ìjọba àpapọ̀ kan 5%. Èmi tí mo ti de tèmi mọ́ 3% kò fura sí ohunkóhun. Owó oṣù mi kò yí padà. Ṣùgbọ́n n kò lè ta ilé náà kí n sì ra òmíràn, nítorí pé n kò ní rí 3% mọ́ láéláé, báyìí náà sì ni ti àwọn aládùúgbò mi. Ilé kò wá sójà, àwọn ọmọ tó ń wá ilé àkọ́rà kò rí rà, wọ́n sì ń yá ilé gbé. Ẹni tó de èlé mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ti gbé ewu náà lé ẹlòmíràn lórí, ẹni náà sì lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Akọ́lé-Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fi owó báńkì kọ́ ilé kò pọ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń rò pé gbèsè ìjọba kò kàn wọ́n. Ó kàn wá o, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló ń gbà wọlé.

Ní 2021, mo bẹ̀rẹ̀ ilé onífúláàtì mẹ́rin kan ní Ológunẹ́rù. Owó ara mi ni mo ń fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ti tó ibi tí a fẹ́ da kọ́ńkéré òkè rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Bíríkìlà mi ní kí a máa da á lọ. Èmi ní rárá, kí n fi owó náà sí treasury bill, ìwé gbèsè ìgbà kúkúrú ti ìjọba, fún ọdún kan, kó lè bímọ díẹ̀. Èlé tí mo rí gbà kò tó 15%. Nígbà tí owó mi fi máa jáde, sìmẹ́ǹtì tí à ń rà ní nǹkan bí ₦4,500 ti gun orí ₦10,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kó tó rọ̀ díẹ̀. Owó tó ti tó da gbogbo òkè náà kò tó ìdajì rẹ̀ mọ́. Irin tí wọ́n ti so kalẹ̀ fún òpó wà níbẹ̀ lójú òjò, ó ń dípẹtà, gbogbo ìgbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá ni mo máa ń wò ó.

Mo wá jókòó wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìjọba àpapọ̀ ní àìtó tó pọ̀ nínú ìṣúná rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yá gbogbo rẹ̀ lọ́jà. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ló ń bu owó fún un lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní Ways and Means. Òfin sọ pé kò gbọdọ̀ ju 5% owó tó wọlé fún ìjọba lọ́dún tó ṣáájú lọ, síbẹ̀ ó pọ̀ títí ó fi lé ní ₦22 trílíọ̀nù, kí àwọn aṣòfin tó gbà nínú Oṣù Karùn-ún 2023 kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún ní èlé 9%. Nítorí pé ìjọba ń rí owó bù níbẹ̀, kò sí ìdí tí yóò fi san èlé gidi fún àwa tí à ń ra treasury bill. Èlé wà nílẹ̀, àmọ́ owó tuntun ti kún ìgboro, ó sì di ọ̀wọ́n gógó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ nínú Oṣù Kẹfà 2023: láti nǹkan bí ₦460 sí dọ́là kan, ó ti kọjá ₦1,500 kí Oṣù Kejì 2024 tó parí. Lọ́dọ̀ yín, àìtó ìṣúná máa ń dé sínú ìwé báńkì. Lọ́dọ̀ wa, inú àpò sìmẹ́ǹtì ló ti ń yọjú.

Olùkọ́-Manchester

Akọ́lé, ẹ kú ìfaradà. Ṣé èlé kò wá gòkè lẹ́yìn náà?

Akọ́lé-Ìbàdàn

Ó gòkè gan-an, Olùkọ́. Èlé Báńkì Àpapọ̀, tó wà ní 18.75% nínú Oṣù Keje 2023, di 27.5% nínú Oṣù Kọkànlá 2024, 27% ni wọ́n sì rọra gé e sí nínú Oṣù Kẹsàn-án 2025. Nínú ètò ìṣúná 2024, àìtó jẹ́ nǹkan bí ₦9.18 trílíọ̀nù, ọjà ni ìjọba sì ti ń wá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí treasury bill ọlọ́dún kan kọjá 20%, ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilẹ̀ mẹ́ta ní Mọ́níyà dá iṣẹ́ dúró lórí gbogbo wọn. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ₦20 mílíọ̀nù tó bá fi kọ́ fúláàtì lè mú owó ilé mílíọ̀nù kan wọlé lọ́dún, bí ayálégbé bá ń san án dáadáa, ìjọba yóò fún un ní mílíọ̀nù mẹ́rin láìsí òrùlé tó ń jò. Bí ẹni tó lówó bá ń ṣe ìṣirò báyìí, ta ni yóò kọ́ ilé? Àwọn ayálégbé ló ń jìyà rẹ̀, nítorí pé ilé kò pọ̀ sí i, owó ilé nìkan ló ń pọ̀ sí i. Ọkàn mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí ìdílé tuntun tó ń wá yàrá kan ṣoṣo ní Ìbàdàn níbí pẹ̀lú owó tí à bá fi yá fúláàtì ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ìyálọ́jà-Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, Akọ́lé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń sọ pé kí a dẹ́kun ríra ilé níbí, kí a kó pọ́n-ún wa wá sílé, pé pọ́n-ún kan ń di ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ṣé èrè ni lóòótọ́?

Akọ́lé-Ìbàdàn

Ìyá mi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tí ẹ máa gbé lọ́jọ́ alẹ́ yín, ẹ kọ́ ọ, ẹ má sì fi ṣírò èlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdókòwò, ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún méjì náírà yẹn tàn yín. Bí pọ́n-ún ṣe ń gòkè ni irin, táìlì àti wáyà ń gòkè tẹ̀lé e, nítorí pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Owó ilé tí ẹ máa gbà, náírà ni, ẹ sì máa ń gbà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí náírà bá tún wálẹ̀ kí ẹ tó gba ti ọdún kejì, èrè yín ti tán lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní kíá, tó ra ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni mo rí tó jèrè. Ẹni tó ń kọ́ ọ bíi tèmi, ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ìṣúná ìjọba yóò yí lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì kó tó kan òrùlé.

Olùkọ́-Manchester

Ohun kan kù tí a kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn iye ilé fúnra rẹ̀. Ilé tó ń mú £12,000 wá lọ́dún lẹ́yìn gbogbo ìnáwó, bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ń fẹ́ 4% lórí owó rẹ̀, yóò rà á ní £300,000. Bó bá rí i pé ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń san ju 5% lọ, tó sì wá ń béèrè 6% lọ́wọ́ ilé nítorí wàhálà rẹ̀, £200,000 ni ilé kan náà di lójú rẹ̀. Kí ló dé tí ilé kò fi já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbí?

Aṣírò-Leeds

Nítorí pé àwọn tó ní ilé kò tà á ní tipátipá. Púpọ̀ nínú wọn ti de èlé mọ́lẹ̀, ìyà náà kò dé bá wọn lọ́jọ́ kan náà. Iṣẹ́ wà, owó ilé náà sì gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà ní 2021 tó sì ń wo iye kan náà lónìí ti pàdánù, nítorí pé ọ̀wọ́n gógó ti jẹ púpọ̀ nínú ohun tí owó yẹn lè rà. Ìwálẹ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó kàn ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo ni.

Fún Ọmọ-Ìjẹ̀bú: èmi kò mọ ibi tí èlé yóò wà ní 2028, ẹni tó bá sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ má fún un lówó. Ìyàtọ̀ àárín 4.4% àti 4.9% jẹ́ £900 lọ́dún. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni bóyá ẹ lè ru irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ní 2023 bó bá tún bọ́ sí ọdún kejì. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ gbé ilé náà sábẹ́ ilé iṣẹ́, nítorí pé Section 24 kò de ilé iṣẹ́. Òtítọ́ ni fún ẹni tó ń rà lónìí, àmọ́ ẹni tó bá ń gbé ti àtijọ́ síbẹ̀ lè san stamp duty àti owó orí lórí èrè nígbà tó bá ń gbé e, nítorí náà ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣe é.

Ọmọ-Ìjẹ̀bú-Kent

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ púpọ̀. Èmi àti ìyàwó mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yín lálẹ́ àná pẹ̀lú ìwé báńkì àti kálámù. Owó ilé ọdún yìí jẹ́ £15,600. Bí a bá mú 4.9%, èlé jẹ́ £8,820, owó orí jẹ́ £4,476, £2,304 ni yóò sì kù. Láti Oṣù Kẹrin 2027, tí owó orí bá di 42%, tí ẹ̀dínwó lórí èlé náà sì di 22%, ó máa kù díẹ̀ sí £2,170. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n a lè gbé e fún ọdún márùn-ún láì bẹ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò lè ru £72 ọjọ́sí lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ọmọ wa àgbà ń wọ yunifásítì nínú Oṣù Kẹsàn-án.

A ti fọwọ́ sí ti ọdún márùn-ún. Bọ́ílà inú ilé náà ti pé ọdún mẹ́rìnlá, nínú owó ọdún yìí ni a ó ti pààrọ̀ rẹ̀ kí òtútù tó tún dé. Mo sì ti pe ajẹ́ńtì yẹn láàárọ̀ yìí.